Mínísítà Tí Kò Ní Iléeṣẹ́

Mínísítà ni mí. Ẹ rẹ́rìn-ín yín tán kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ. Aṣọ funfun tí àwọn ọmọ ìjọ wa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ń rán ní abúlé wa lẹ́bàá ọ̀sà, níwájú Ṣàngótẹ̀dó díẹ̀. Inú ṣọ́ọ̀bù mi ni wọ́n ti wá sọ fún mi pé mo ti di ara ìjọba.

Ìgbà tí wọ́n ń fẹ ọ̀nà márosẹ̀ ni àwọn onílé tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ àdúgbò wa. Wọ́n ní ẹgbẹ́ tiwọn, àwa ọmọ ìlú ní tiwa. Bí ẹgbẹ́ kan bá ní òní ni ká kó gọ́tà, èkejì á ní ọ̀la ni. Nígbà tó sú gbogbo wa, a para pọ̀ ṣe ìjọba kan ṣoṣo. Alága wá látọ̀dọ̀ àwọn onílé tuntun, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tó sì fẹ́ràn ìjọba ju oúnjẹ lọ. Òun ló ní ká má pè é ní ìgbìmọ̀, káábínẹ́ẹ̀tì ni ká máa pè é. Onílé tuntun kan gba iná, ọmọ ìlú kan gba omi, wọ́n pín in bẹ́ẹ̀ títí dé orí ààbò àti gọ́tà. Torí pé a ò fọkàn tán ara wa, a kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ohunkóhun tó bá kan ilẹ̀, gbogbo mínísítà tó wà lórí ipò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Bí ẹyọ kan bá kọ̀, ó parí. Alága ò sì gbọdọ̀ tú káábínẹ́ẹ̀tì ká ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún.

Ìgbà tí wọ́n pín ipò tán ni àwọn ìyá ìlú yarí pé kò sí obìnrin kankan níbẹ̀. Wọ́n bá fi mí sí i. Iṣẹ́ kankan ò ṣẹ́kù, ni Alága bá ní òun mọ orúkọ irú ipò bẹ́ẹ̀: mínísítà tí kò ní iléeṣẹ́. Àwọn oníbàárà mi sọ ọ́ di Mínísítà Aláìníṣẹ́. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Wọ́n kàn fi mí dí àyè ni, bí ìgbà téèyàn fi ìrépé dí ihò ara aṣọ.

Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wa la ti ń ṣèpàdé, gbogbo mínísítà á sì bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, torí a kì í wọ bàtà wọbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, Alága gbé ìwé kan jáde. Wọ́n fẹ́ mọ ògiri dí ọ̀nà tó lọ sí èbúté, wọ́n ní ibẹ̀ lolè ń gbà wọlé. Bí a bá gbà, àwọn onílé tuntun á wá jẹ́ kí abúlé máa lo iná tiransifọ́mà tiwọn. Òkùnkùn ti sú àwọn ọmọ ìlú, wọ́n fọwọ́ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Màmá mi ni mo ń rò ní tèmi. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gba ọ̀nà yẹn lọ pàdé ọkọ̀ àwọn apẹja, tí wọ́n á ru ẹja bọ̀ wálé wá yan. Orúnkún ti ń yọ wọ́n lẹ́nu. Bí ọ̀nà yẹn bá dí, etí márosẹ̀ ni wọ́n á máa gbà yípo, tí wọ́n á máa sá fún mọ́tò pẹ̀lú ọpọ́n ẹja lórí.

“Mi ò ní sáìnì o,” mo wí.

“Àǹtí, ẹ kàn sáìnì, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ sìkiọ́rítì nìyí,” Alága dáhùn. “Ẹ̀yin tiẹ̀ ò ní iléeṣẹ́ kankan.”

“Mo lọ́wọ́, sà. Ọwọ́ yẹn ni ò ní sáìnì.”

Wọ́n bẹ̀ mí, wọ́n bú mí. Mínísítà omi, ọmọ ìlú bíi tèmi, ní ọ̀tá ìlọsíwájú ni mí. Inú bí mi débi pé mo gbàgbé bàtà mi síbẹ̀, ẹsẹ̀ lásán ni mo fi rìn délé.

Ní ọ̀sẹ̀ keje, Alága tú káábínẹ́ẹ̀tì ká, kó lè to òmíràn tí èmi ò ní sí níbẹ̀. Wọ́n lẹ ìwé rẹ̀ mọ́ ara ògiri gbọ̀ngàn, ó sì kọ ọ́ bí ìwé ìjọba: mínísítà iléeṣẹ́ iná, a yọ ọ́, mínísítà iléeṣẹ́ omi, a yọ ọ́, ààbò, gọ́tà, gbogbo wọn pátá. Mo kà á látòkè délẹ̀, mo tún un kà. Wọn ò yọ mí. Iléeṣẹ́ ni wọ́n ń kà, èmi ò sì ní. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, mo lọ jókòó sáàárín àwọn mínísítà tuntun. Alága béèrè ohun tí mo wá ṣe. Mo ní kí wọ́n fi ibi tí wọ́n ti yọ mí hàn mí. Ó wọ gíláàsì, ó ka ìwé ara rẹ̀, ó bọ́ gíláàsì. Ó ti lo ẹ̀ẹ̀kan tirẹ̀ tán lọ́dún yẹn.

Lọ́jọ́ kejì ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù pé kí n fọwọ́ ara mi kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ibẹ̀ ni màmá mi bá a. Wọ́n sọ ọpọ́n ẹja kalẹ̀, wọ́n kí i dáadáa, wọ́n wá béèrè pé, “Ẹ ní kó fi í sílẹ̀, kí èmi wá gba ibo?”

Káábínẹ́ẹ̀tì kejì náà ò pé oṣù kan tó fi fọ́, àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì sì padà sí ìjà wọn. Màmá mi ṣì ń gba ọ̀nà èbúté títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fagi lé ìwé àdéhùn; Alága mẹ́ta ti jẹ lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo wọn ló ti wá bẹ̀ mí pé kí n kọ̀wé fipò sílẹ̀. Mi ò tíì kọ ọ́, mi ò sì ní kọ ọ́.