Ta Ni Ń Jẹ́ Perpetua Ifátọ́mi?

Bí ẹ bá dé Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ tí ẹ béèrè ilé Àkànkẹ́ aránṣọ, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Ewúrẹ́ àdúgbò pàápàá mọ ibẹ̀. Aṣọ funfun tí àwọn ọmọ Kátólíìkì ń wọ̀ lọ gba Kọmúníọ̀nù àkọ́kọ́, òun ló ti ń rán an láti bí ogún ọdún ó lé díẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n sá gbogbo aṣọ náà sórí okùn kan ṣoṣo, okùn náà á na láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n á sì tún wá òmíràn kún un. Láti ibí títí dé Ìlọrin, kò sí ẹni tó lè mú ọrùn aṣọ jókòó sára ọmọ bíi tirẹ̀. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni, kó mú ọmọ rẹ̀ wá kó wò ó.

Ọmọ mẹ́sàn-án ni Àkànkẹ́ bí fún Simon Ògúndélé, káfíńtà. Ọkùnrin gàgàrà ni Simon. Gbogbo ilẹ̀kùn ìlú ló ń bẹ̀rẹ̀ fún, àfi èyí tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ kàn. Láàárọ̀ Sunday, ilé wọn a máa hó bí ọjà Akẹ̀sán lọ́jọ́ ọjà. Ẹnìkan ń wá bàtà ẹsẹ̀ òsì, ẹnìkan ń lọ aṣọ, ẹni kẹta ń jà pé ìpara òun ni wọ́n fi pa ẹsẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì, odindi àga kan ni wọ́n ń jókòó kún, ẹni tó bá pẹ́ dé kó wá ibòmíràn lọ. Gbogbo ọmọ náà ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún. Mẹ́jọ ti gba Kọmúníọ̀nù, bíṣọ́ọ̀bù sì ti ta òróró sórí mẹ́fà nínú wọn. Dámisí, àkọ́bí, ti di nọ́ọ̀sì ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì ń kọrin nínú kọ́yà níbẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Bí àsìkò bá tó tí àwọn èèyàn ń dìde lọ gba ara Olúwa, Àkànkẹ́ àti Simon a jókòó sáyè wọn. Wọn ò tíì ṣe ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì, òfin ìjọ ò sì jẹ́ kí ẹni bẹ́ẹ̀ gbà á. Simon ti ṣe ìdána o, ní Ìkòyí-Ilé, ìlú bàbá Àkànkẹ́. Iṣu tó kó wá lọ́jọ́ náà, wọ́n ní ó ga ju òrùlé lọ. Àwọn àgbà gbàdúrà, gbogbo èèyàn yó, ṣùgbọ́n iwájú pẹpẹ ni wọn ò dé. Wọ́n dá ọjọ́, oyún dé. Àkànkẹ́ ní òun ò ní gbé ikùn lọ síwájú pẹpẹ. Ó bímọ, wọ́n tún dá ọjọ́, oyún mìíràn tún dé. Bó ṣe ń lọ nìyẹn títí ó fi di mẹ́sàn-án. Ìgbà tí oyún yóò fi dáwọ́ dúró, irùngbọ̀n Simon ti funfun, ojú sì ti ń tì í láti ṣe ọkọ ìyàwó.

Lọ́dún yìí ló wá kan Ẹ̀yẹolúwa, àbígbẹ̀yìn wọn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn, ọmọ tó bá fẹ́ gba Kọmúníọ̀nù àkọ́kọ́ kì í dá nìkan lọ. Bàbá àti ìyá rẹ̀ ni yóò tẹ̀lé e lẹ́yìn lórí ìlà, wọn yóò gbọ́wọ́ lé e léjìká, àwọn náà yóò sì gbà tẹ̀lé e. Fún àwọn mẹ́jọ tó ṣáájú, Jayéọlá, ẹ̀gbọ́n Simon obìnrin, ló ń wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá dúró. Àkànkẹ́ á rán aṣọ, ẹlòmíràn á sì tẹ̀lé ọmọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ẹ̀yẹolúwa dúró sórí àpótí nínú ṣọ́ọ̀bù, ìyá rẹ̀ ń fi abẹ́rẹ́ mú etí aṣọ rẹ̀ sókè. Ọmọ náà ní, "Mọ́mì, ta ló máa dúró lẹ́yìn mi?"

"Àǹtí Jayéọlá ni."

"Àǹtí dáa. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni mo fẹ́."

Abẹ́rẹ́ tó wà lẹ́nu Àkànkẹ́, díẹ̀ ló kù kó gbé e mì.

Nígbà tí Simon ti ibi iṣẹ́ dé, Àkànkẹ́ gbé oúnjẹ fún un, ó dúró títí ó fi mú ẹran kejì, kó tó sọ fún un pé òun fẹ́ kí wọ́n lọ ṣe ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì kí ọjọ́ Kọmúníọ̀nù ọmọ náà tó pé. Simon bi í léèrè bóyá ìdána tí òun ṣe tẹ́lẹ̀ ti bàjẹ́ ni. Ó ní àwọn ọmọ iṣẹ́ òun á máa pe òun ní ọkọ ìyàwó onírùngbọ̀n. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi fà á. Nígbà tó yá, ó gbà, ṣùgbọ́n ó ka òfin sílẹ̀: àárọ̀ Sátidé tó ṣáájú Sunday Kọmúníọ̀nù ni, kò gbọdọ̀ ní Mísà nínú, kò gbọdọ̀ ní àríyá, ẹlẹ́rìí méjì péré, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ gbọ́, títí kan àwọn ọmọ. Àkànkẹ́ gbà. Ẹni kan ṣoṣo tó tún mọ̀ ni Alhaja Marufat, tó ń ta bọ́tìnnì àti òwú ní ṣọ́ọ̀bù kejì, nítorí pákó lásán ló wà láàárín wọn, etí Alhaja sì mú.

Fadá wọn ò tíì lo oṣù mẹ́ta nílùú. Ó yẹ ìwé ìrìbọmi àwọn méjèèjì wò, ó sì kọ orúkọ wọn bó ṣe wà níbẹ̀: Simon Ògúndélé, Perpetua Ifátọ́mi. Perpetua ni Fadá òyìnbó kan sọ Àkànkẹ́ nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́ ní Ìkòyí-Ilé. Láti ìgbà tí òyìnbó náà ti padà sílùú rẹ̀, kò sí ẹ̀dá alààyè tó tún pè é bẹ́ẹ̀. Nílé bàbá rẹ̀, Àkànkẹ́ ni. Nílé ọkọ, Ìyàwó ni, ó wá di Ìyá Dámisí. Bàbá rẹ̀ tó ń jẹ́ Ifátọ́mi gan-an, Bàbá Àgbẹ̀dẹ ni gbogbo ayé ń pè é.

Fadá ní àwọn máa kéde ìgbéyàwó náà ní Sunday mẹ́ta, kí ẹni tó bá mọ ìdí tí kò fi yẹ kó wáyé lè sọ ọ́. Simon bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ ní Mísà aago mẹ́fà àárọ̀, nígbà tí oorun ṣì wà lójú èèyàn. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀yọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ nǹkan kan. Ohun tí Simon ò mọ̀ ni pé ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún òun, wọ́n ń kéde rẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú, ní Mísà aago mẹ́sàn-án, pẹ̀lú gbohùngbohùn tí òkú pàápàá lè gbọ́.

Sunday méjì àkọ́kọ́, Jayéọlá ò sí nílé, ó lọ tọ́jú ọmọ rẹ̀ tó bímọ, Dámisí náà sì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọsibítù. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, Jayéọlá ti dé, ó jókòó síwájú láàárín ẹgbẹ́ àwọn ìyá, nítorí òun ni olórí wọn. Kàtíkísì kà á pé Simon Ògúndélé ti Ọ̀yọ́ fẹ́ fẹ́ Perpetua Ifátọ́mi ti Ìkòyí-Ilé. Jayéọlá dìde. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní kò dúró gbọ́ ìparí.

"Ẹ dúró níbẹ̀. Àbúrò mi ni. Ó níyàwó nílé, ọmọ mẹ́sàn-án ló bí fún un. Mi ò mọ Perpetua kankan."

Nínú kọ́yà lókè, Dámisí jókòó gbì, ìwé orin já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Fadá Ọ̀yọ́ ránṣẹ́ pe tọkọtaya náà. Ó ní wọ́n fi ẹ̀sùn ránṣẹ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé Simon ti níyàwó tẹ́lẹ̀, tó ń jẹ́ Àkànkẹ́. Ó wojú Àkànkẹ́, ó ní, "Ta ni ń jẹ́ Àkànkẹ́?"

"Èmi náà ni, Fadá."

Fadá rẹ́rìn-ín títí awò ojú rẹ̀ fi bọ́. Ṣùgbọ́n ó ní wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé, ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ ni yóò fẹnu ara rẹ̀ gbé e kúrò. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó di Sátidé, kò sí ìgbéyàwó, ó sì di oṣù kẹjọ kí àyè tó tún wà.

Àkànkẹ́ pe Jayéọlá, kò gbé fóònù. Ó pe Dámisí, kò gbé e. Nígbà tó fi di Ọjọ́rú, ó ti pè wọ́n tó ìgbà ogójì. Simon ní kí ló tún kù, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, òun ti di àgbàyà lójú gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní Ọlọ́run mọ ọkàn àwọn, ìyẹn náà tó.

Àkànkẹ́ tẹ́ aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sórí itan. "Bàbá Dámisí, ọmọ mẹ́jọ ni mo ti wọ aṣọ fún tí wọ́n bá ẹlòmíràn lọ. Mi ò jowú Àǹtí. Ṣùgbọ́n ebi ara Olúwa ń pa mí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ebi rẹ̀ ti ń pa mí, ẹ ò sì bi mí rí."

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Simon wọ bùbá àti ṣòkòtò, ó gun ọ̀kadà lọ sí gáréèjì, kò sì sọ ibi tó ń lọ.

Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, Jayéọlá wọ ṣọ́ọ̀bù Àkànkẹ́. Ó ti fún gèlè mọ́ ìdí bí ẹni tó fẹ́ jà, àmọ́ bó ṣe rí Àkànkẹ́ lórí ẹ̀rọ pẹ̀lú aṣọ funfun, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó fa àpótí, ó dì í lọ́wọ́ mú.

"Ìyàwó wa, gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kì í ṣe ti fóònù. Ìdí tí mi ò fi gbé e nìyẹn, tí mo sì ní kí Dámisí má gbé e."

"Àǹtí, ẹ kú ìrìn. Ẹ jẹ́ kí n bu omi fún yín."

"Mi ò mumi. Ọkọ rẹ fẹ́ fẹ́ ìyàwó. Lọ́jọ́ Sátidé. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì."

Àkànkẹ́ mọ̀ pé ó yẹ kí òun sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn létí rẹ̀, ó fẹ́ gbọ́ ọ díẹ̀ sí i. "Ta ló fẹ́ fẹ́, Àǹtí?"

"Perpetua ni wọ́n pè é. Ọmọ Ìkòyí, ìlú tìrẹ gan-an, ojú ò tilẹ̀ tì í. Má sunkún. Kó gbìyànjú kó wọ ilé yẹn lójú mi, a ó sì jọ wò ó."

Láti ẹ̀yìn pákó, Alhaja Marufat wúkọ́. "Ìyá, mo ti rí i o. Ó dúdú, ó sanra díẹ̀, iṣẹ́ ìránṣọ ló ń ṣe."

Jayéọlá wo pákó, ó wo Àkànkẹ́. Àkànkẹ́ fa dúróà ẹ̀rọ, ó mú ìwé ìrìbọmi jáde, ó nà án sí i. Jayéọlá wá awò ojú, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó béèrè ta ni Ifátọ́mi. Àkànkẹ́ ní Bàbá Àgbẹ̀dẹ ni.

Jayéọlá bọ́ awò ojú, ó ká ìwé náà.

"Ọjọ́ mẹ́rin ni mo ti fi ń gbààwẹ̀ lé Perpetua lórí," ni Jayéọlá wí.

"Abájọ tí inú fi ń run mí, Àǹtí."

Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà, wọ́n ní ó já òwú tó wà lójú abẹ́rẹ́. Jayéọlá ò jókòó mọ́. Ó fa Àkànkẹ́ lọ́wọ́, wọ́n lọ bá Fadá, ó fẹnu ara rẹ̀ gbé ẹ̀sùn náà kúrò, ó tún bu ọwọ́ lu ìwé.

Ṣé ẹ ò gbàgbé Simon? Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kọjá ara wọn lójú ọ̀nà. Ó dé Ògbómọ̀ṣọ́, ilẹ̀kùn Jayéọlá wà ní títì, ó sì gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá ń ṣe ìpàdé lọ́wọ́. Wọ́n tó ọgọ́rin, ẹlòmíràn ní igba. Wọ́n yí i ká, Dámisí wà láàárín wọn, kò kí i. Ọkùnrin tí kò fẹ́ kí ẹyọ ẹnìkan gbọ́ dúró níwájú gbogbo wọn, ó ṣí fìlà.

"Àkànkẹ́ ni Perpetua. Ìyàwó mi ni mo fẹ́ fẹ́. Ó yẹ kí n ti ṣe é tipẹ́, ojú ló ń tì mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ẹ̀gbọ́n mi."

Àwọn obìnrin náà hó tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó wà ní gáréèjì fi rò pé bíṣọ́ọ̀bù ló dé. Dámisí kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ní Sátidé, dípò ẹlẹ́rìí méjì, bọ́ọ̀sì mẹ́ta ló kó èèyàn wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn ọmọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán to síwájú. Alhaja Marufat jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ìborùn rẹ̀, ó ní òun kàn wá wo bọ́tìnnì òun lára aṣọ ni. Fadá béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ohun tó fẹ́ sọ sí ìgbéyàwó náà. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì yíjú sí Jayéọlá. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

Ní ọjọ́ kejì, lójú ìlà, Ẹ̀yẹolúwa gba tirẹ̀, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó wá ku Àkànkẹ́. Fadá gbé àkàrà mímọ́ sókè, ó ní, "Ara Kristi." Obìnrin tó ti kọ́ ọmọ mẹ́sàn-án ní ìdáhùn ọ̀rọ̀ yìí, ẹnu rẹ̀ kọ̀, kò ṣí. Fadá dúró. Simon tó wà lẹ́yìn rẹ̀ rọra fọwọ́ kàn án léjìká.

"Àmín," ni Àkànkẹ́ wí, bí ẹni tó ń bá ọmọ tó sùn sọ̀rọ̀.

Ó padà sáyè rẹ̀, ó kúnlẹ̀. Orin parí, gbogbo èèyàn jókòó. Kàtíkísì ka ìkéde, ó kà á tán, Àkànkẹ́ ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ẹ̀yẹolúwa fà á láṣọ, ó ní Mọ́mì, wọ́n ti jókòó.

"Fi í sílẹ̀," ni Simon wí fún ọmọ náà. "Ọ̀rọ̀ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ń bá a sọ."

Fadá ti dìde láti súre ìkẹyìn. Ó na ọwọ́, ó rí i níbẹ̀, ó sì rọra sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó dúró dè é.