Ọ̀nà Òfẹ̀ tí a tún ṣe fún àlejò

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó tipasẹ̀ àwọn àlùfáà ìjọ Àgùdà fún mi ní èdè Faransé. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́, nítorí ohun tí mo fi èdè náà ṣe lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ohun ìdúpẹ́.

Òmìnira ò tíì pẹ́ nígbà náà. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ní Ṣábẹ̀, ṣùgbọ́n Òfẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ sì ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà nílé ọkọ. Odò kan dábùú ọ̀nà láàárín ìlú méjèèjì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọmọdé lè fò ó. Tí òjò bá ti dé, àgbàlagbà ò gbọdọ̀ kọjú sí i. Etí odò yẹn ni ọmọ kú sí ẹ̀gbọ́n mi nínú lọ́dún tó ṣáájú, nígbà tí wọ́n ń gbé e bọ̀ wá sí ilé ìwòsàn Ṣábẹ̀ tí omi ò jẹ́ kí wọ́n kọjá. Ó sì tún ti lóyún. Afárá ló ń fẹ́. Kò bèèrè nǹkan mìíràn lọ́wọ́ òmìnira.

Ni ìròyìn bá dé pé ìjọba ń ṣètò gbogbo ọ̀nà agbègbè wa, pé àwọn ará Kọ́tọ̀nú ń bọ̀ wá wo ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, wọn yóò sì bi aráàlú léèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́. Kọmándà ní kí n wá ṣe ògbufọ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣì ń pe ọ̀gá ìjọba ní Ṣábẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òyìnbó tó ni oyè náà ti lọ.

Ẹ gbọ́ ohun tí àwọn ènìyàn mi ṣe. Àlejò ń bọ̀, a kì í sì í jẹ́ kí àlejò gba inú kòtò dé ilé ẹni. Odidi ọjọ́ mẹ́ta, tọkùnrin tobìnrin jáde. Wọ́n fi yangí dí ihò, wọ́n ro ẹ̀bá ọ̀nà, wọ́n gé igi ńlá ńlá dábùú odò, wọ́n da koríko àti erùpẹ̀ lé e títí ó fi tẹ́jú bí ilẹ̀ ilé. Èmi náà ru yangí, inú mi sì ń dùn. Èmi tí mo mọ̀wé! N kò rántí pé ẹni tó fẹ́ fi egbò han oníṣègùn kì í fi aṣọ tuntun bò ó.

Ọ̀gá tó wá láti Kọ́tọ̀nú jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó wọ bàtà funfun. Bàtà náà funfun nígbà tó dé, ó funfun nígbà tó lọ. N kò ní ẹ̀rí mìíràn nípa iṣẹ́ tó ṣe.

Ó jókòó lábẹ́ igi iwájú ilé baálẹ̀. "Ọ̀nà yín dára," ló wí. "Mo sùn nínú ọkọ̀, n kò jí títí a fi dé."

"Olùkọ́, sọ fún un pé ìjẹta la tún un ṣe," ni baálẹ̀ wí. "Òjò kan ṣoṣo, ó parí. Afárá là ń fẹ́."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá pàtẹ́wọ́. "Ìlú tó lè tún ọ̀nà ara rẹ̀ ṣe báyìí, kí ló fẹ́ fi afárá ìjọba ṣe?" Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé àwọn ará Òfẹ̀ ń kópa nínú iṣẹ́ orílẹ̀-èdè. Lẹ́yìn náà ló tẹ́ àwòrán ilẹ̀ kan síwájú wa. Wọ́n ti fi yíǹkì pupa fa àwọn ọ̀nà tí wọn yóò ṣe. Tiwa ò sí níbẹ̀, yíǹkì náà sì ti gbẹ tipẹ́. Ìyẹn ni ìbéèrè tí wọ́n wá bi wá! Ó ní kí ẹni tó bá fara mọ́ ọn na ọwọ́. Gbogbo ènìyàn nawọ́: adìẹ àlejò ti wà lórí iná, ta ni yóò dójú ti ẹni tí a ń se oúnjẹ fún?

Ẹ̀gbọ́n mi ò nawọ́. Ó dìde, ó fọwọ́ ti ìbàdí.

"Àbúrò, sọ fún ọmọkùnrin yẹn kó bọ́ bàtà funfun yẹn, kó tẹ̀ lé mi lọ sétí odò. Kó wa erùpẹ̀ tí a dà sórí igi kúrò, kó wo abẹ́ rẹ̀. Tó bá rò pé afárá ni, kó wá sùn lórí rẹ̀ lóṣù òjò."

"Kó gbé ẹní dání o!" ni obìnrin kan ké láti ẹ̀yìn. Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín.

"Kí ló wí?" ni ọ̀gá bi mí.

Kọmándà, tó bá ọ̀gá náà wá, ń wò mí. Ọwọ́ rẹ̀ ni ìwé tí yóò mú mi wọ iṣẹ́ ìjọba wà.

"Ó ní ẹ káàbọ̀," ni mo wí.

"Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi ò gbọ́ Faransé, ṣùgbọ́n ó rí i pé ọ̀rọ̀ gígùn tí òun sọ kúrú jù lẹ́nu mi. Ó wò mí, ó jókòó. Lálẹ́ ọjọ́ náà ó fi ìbéèrè gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi, kí ilẹ̀ tó mọ́ gbogbo Òfẹ̀ ti gbọ́.

Òjò ńlá àkọ́kọ́ ló gbé igi wa lọ. Nígbà tí ọmọ mú ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n gbé e dé etí odò, omi ti kún. Ibẹ̀ ló bímọ sí, àwọn obìnrin na ẹní lé e lórí nínú òjò. Ọmọ náà yè, ìyá náà yè. Ìjọba ò sí níbẹ̀, Ọlọ́run wà níbẹ̀. Mo dúpẹ́, n ó sì máa dúpẹ́ títí.

Kò pẹ́ tí lẹ́tà fi dé láti Kọ́tọ̀nú, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará Òfẹ̀ pé wọ́n fọwọ́ sí ètò ọ̀nà. Wọ́n ní kí n kà á fún aráàlú. Kí n tó la ẹnu, ẹ̀gbọ́n mi ti dìde pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn.

"Àbúrò, kí ló wí? Ó tún ní ẹ káàbọ̀?"

Baálẹ̀ pàápàá rẹ́rìn-ín. Mo ka lẹ́tà náà tán, n kò gé nǹkan kan kúrò. Lẹ́yìn náà mo jókòó, mo fi Faransé tí àwọn àlùfáà kọ́ mi kọ ohun tí ẹ̀gbọ́n mi sọ lọ́jọ́ yẹn sí Kọ́tọ̀nú, bó ṣe sọ ọ́ gan-an, àti bàtà, àti odò, mo sì kọ orúkọ mi sábẹ́ rẹ̀. Ìwé iṣẹ́ ìjọba tí mo ń retí ò dé mọ́. N kò bèèrè rẹ̀.

Kí n tó lẹ lẹ́tà tèmi pa, mo túmọ̀ rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó gbọ́ ọ tán, ó mi orí.

"O gbàgbé ẹní," ló wí.

Mo fi ẹní kún un.