Ẹ̀jẹ̀ Mi Nínú Àwo

Aṣọ pọliẹ́sítà ni mo ń rán jù ní Gonzagueville, létí òkun ní Abidjan: aṣọ ilé-ìwé, aṣọ akọrin, kọ́tìnì. Bí mo bá ti ń gé e, eruku rẹ̀ á máa fò kiri, á bà lé mi ní ìpéǹpéjú, á wọ imú mi. Mo máa ń wúkọ́ títí, mo sì ti gbà pé bí iṣẹ́ ṣe rí nìyẹn.

Lọ́jọ́ ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, ọmọ arábìnrin kan nínú ìjọ wa wá bá mi. Ará orílẹ̀-èdè Benin ni àwọn òbí rẹ̀, Abidjan ni wọ́n bí i sí, ó sì ń kàwé nípa ẹ̀jẹ̀ ní yunifásítì. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Faransé ló yá a lẹ́nu; Tantie, ìyẹn àǹtí, ló máa ń pè mí.

"Tantie, pardon, mo fẹ́ ẹ̀jẹ̀ yín díẹ̀."

Mo sún sẹ́yìn. "Ẹ̀jẹ̀ kẹ̀? Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Ó kúnlẹ̀, ó ṣàlàyé. Ó ní ike tí a ń lò máa ń rún di hóró tí ojú kò lè rí, à ń mí i sínú, à ń bá omi mu ún. Òun àti ọ̀gá òun fẹ́ mọ ohun tí àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ ń ṣe bí wọ́n bá pàdé rẹ̀.

"Aṣọ tí ẹ ń rán yẹn náà, Tantie, ike ni."

Ẹnu yà mí. Ọkọ mi ní kí n má lọ. "Ta ló ń fi ẹ̀jẹ̀ ṣeré?" ló wí. Ṣùgbọ́n mo ti mọ ọmọ yìí láti ìgbà tó ti ń sùn lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo lọ sí yunifásítì wọn. Abẹ́rẹ́ wọn kò dùn mí tó ti máṣíìnì tó máa ń gún mi níka.

Nígbà tó yá, ó ní kí n wá wò ó. Mo fojú sí ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Mo rí àwọn nǹkan roboto, hóró tó ń tàn sì wà nínú wọn.

"Àwọn ọmọ ogun yín nìyẹn. Wọ́n ti gbé ike tí a dà sí wọn nínú àwo mì. Wọ́n rò pé kòkòrò àìsàn ni."

"Ṣé wọ́n ti pa á?"

"Kò ṣeé pa, kò sì lè dà nínú wọn. Ni wọ́n bá ń ké pe àwọn yòókù. Bí àwọn yẹn bá dé, ibẹ̀ á gbóná, á wú."

"Ṣé òun ló ń fa ikọ́ mi?"

Ó mi orí. "A ò tíì mọ̀, Tantie. Inú àwo ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Inú ara èèyàn lè yàtọ̀."

Inú mi dùn pé kò fi irọ́ tù mí nínú. Mo tún fojú sí ẹ̀rọ náà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ibà mú mi débi pé wọ́n ti ń sunkún mi. Irú àwọn wọ̀nyí ló jà fún mi nígbà náà, n kò sì kí wọn rí.

"Ẹ kú ìṣọ́ o," mo wí sókè. "Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an."

Ọ̀gá ọmọ náà, obìnrin ará ìlú yìí, bèèrè ohun tí mo sọ. Ọmọ náà túmọ̀ rẹ̀ fún un. Mo rò pé yóò fi mí rẹ́rìn-ín ni, ṣùgbọ́n ó dì mí mú lọ́wọ́, ó ní òun náà kò dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn rí.

Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi. Nígbà tó di Sátidé, ó gbé òòlù, ó lu ògiri ẹ̀yìn máṣíìnì mi, ó sì ṣe fèrèsé ńlá síbẹ̀. Afẹ́fẹ́ òkun ń wọlé báyìí. Mo ń fi aṣọ òwú bo imú, aṣọ tútù ni mo sì fi ń nu ilẹ̀. Ikọ́ náà ti dínkù. Bóyá fèrèsé ni, bóyá nǹkan mìíràn ni, ọpẹ́ ni mo ń dá.