Igi Tí Mùnírù Fẹ́ Lọ Ṣẹ́

Dorothy Ọlálérè kì í gúnni lábẹ́rẹ́, kì í fúnni lóògùn, síbẹ̀ dókítà ni gbogbo Creek Road ń pè é. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá dàrú yóò jókòó síwájú rẹ̀, yóò sọ tẹnu rẹ̀, Dorothy yóò sì gbọ́. Àwọn awakọ̀ akẹ́rù máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé etí ló fi ń jẹun.

Kí wọ́n fi etí rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, mo gbà. Kí wọ́n má fọwọ́ kan ẹnu rẹ̀. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ti Dorothy pa dé. Òfin iṣẹ́ wọn ni pé ohun tí ẹni tó wá gba ìtọ́jú bá sọ, inú yàrá náà ló máa wà, àfi tí ẹ̀mí bá fẹ́ bọ́. Lọ́dún 1988, ọ̀gá ilé ìkẹ́rùsí kan wá bá a, ó ní kó sọ ohun tó ń ṣe Mùnírù, òṣìṣẹ́ tí òun rán sí i. Dorothy ní, "Ọ̀gá, ẹ bi Mùnírù." Ọkùnrin náà bínú jáde. Inú mi dùn.

Mùnírù, ọmọ Ajégúnlẹ̀, ló ń wa ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé ẹrù sókè ní ilé ìkẹ́rùsí náà. Ó máa ń dá ọkọ̀ dúró lójijì, á ní Táyé ń kọjá níwájú òun. Àwọn yòókù kì í rí ẹnì kankan. Tó bá wọ yàrá Dorothy, á kọ́kọ́ di ilẹ̀kùn mú díẹ̀, bí ẹni tó ń dúró de ẹnìkejì, kó tó wá pa á dé. Ẹ̀rù máa ń ba Dorothy, ṣùgbọ́n kì í sọ ọ́.

"Mà, Táyé dey come lọ́jọ́ Jímọ̀," ni Mùnírù sọ nígbà ọyẹ́. "Ojú irin ní Badia la ti máa pàdé, tí mo bá kírun tán. A fẹ́ jọ lọ ṣẹ́gi. Abeg, ẹ má sọ fún mama mi o. She go spoil am."

Ọkàn Dorothy balẹ̀. A jẹ́ pé ènìyàn gidi ni Táyé! Kẹrosíìnì wọ́n bí ojú nígbà náà, igi ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń dáná.

"Ṣé mo máa ń sọ ni? Bá mi mú díẹ̀ bọ̀ o."

Mùnírù dìde. "Mà, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́."

Lọ́jọ́ Jímọ̀ náà, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, obìnrin àgbàlagbà kan wọlé.

"Ìyá Mùnírù ni mí. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi láàárọ̀ yìí, kò fẹ́ dìde. Dókítà, kí ló ń sọ fún yín?"

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ tiẹ̀ ni, mi ò lè sọ ọ́."

Ìyá náà mí kanlẹ̀, ó dìde. "Ẹ ṣáà bá mi bẹ̀ ẹ́ kó yéé pe Táyé. Ìbejì ni wọ́n. Táyé ti lọ ṣẹ́gi látìgbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọwọ́."

"Lọ ṣẹ́gi báwo, mà?"

"Ẹ̀yin náà ń ṣe bí ẹni tí kì í ṣe Yorùbá! Ìbejì kì í kú. Nílé tiwa, a máa ń ní ó lọ ṣẹ́gi ni. Bí mo ṣe sọ fún Mùnírù náà nìyẹn, pé ó ń bọ̀."

Orí Dorothy wú. Bàbá rẹ̀, pásítọ̀ tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì gbàdúrà lórí oúnjẹ, kò kọ́ ọ ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì bá bàbá náà wí. Dorothy mọ̀ pé tí òun bá la ẹnu báyìí, Mùnírù kò ní fọkàn tán òun mọ́ láéláé. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.

"Mà, ojú irin ní Badia ló lọ. Ó ní òun fẹ́ bá Táyé lọ ṣẹ́gi."

Takisí ni wọ́n wọ̀. Ọyẹ́ ti bo Badia, ènìyàn kò rí ọ̀ọ́kán dáadáa. Àwọn ọlọ́jà ti palẹ̀ mọ́ kúrò lójú irin nítorí ọkọ̀ tó ń fọn fèrè bọ̀. Mùnírù nìkan ló jókòó lórí irin nínú aṣọ funfun, ó fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sí àyè náà. Ẹ̀rù kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ọn.

Ó rí Dorothy. "Mà, ẹ padà sọ fún mama mi."

Kò tiẹ̀ jágbe. Ìyẹn ló dun Dorothy jù.

Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún. "Táyé kú! Mùnírù, Táyé ti kú! Ọwọ́ mi yìí ló kú sí. Kò lọ ṣẹ́gi, irọ́ ni mo pa fún ẹ!"

Mùnírù kọjú sí àyè tó ṣófo náà. "Ṣé òótọ́ ni?"

Ó tẹ́tí, bí ẹni tí wọ́n ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ gígùn fún. Irin ti ń gbọ̀n. Ó mi orí pé ó yé òun, ó dìde, ó rìn lọ bá ìyá rẹ̀, ọkọ̀ sì kọjá lẹ́yìn rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, tí Mùnírù bá rí Dorothy lọ́ọ̀ọ́kán, á yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ń dun Dorothy títí dòní. Mo máa ń sọ fún un pé ẹni tó wà láyé ló ń yanni lódì.