Àwo Tí Wọ́n Fi Ń Wẹsẹ̀ Ìyàwó

Ẹnu mi mú. Mi ò ní purọ́, láti kékeré ni. Bàbá mi máa ń sọ pé bí wọ́n bá gbé ẹnu mi fún alápatà, kò ní ra ọ̀bẹ mọ́. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́. Ohun àtijọ́ ló ń tà l'Óṣogbo fún àwọn àlejò tó ń wá wo Igbó Ọ̀ṣun: ìlẹ̀kẹ̀, idẹ, aṣọ òkè tó ti gbó, àti àwo tánńganran ilẹ̀ Ṣáínà tí àwọn oníṣòwò ayé àtijọ́ gbé wọ ilẹ̀ wa. Nígbà tó kú, èmi ni mo jókòó sórí àga rẹ̀. Ẹni tó bá ní àwo tí kò mọ̀ bóyá ojúlówó ni àbí ayédèrú, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń júwe fún un.

Òwe kan wà tí bàbá mi fẹ́ràn. Wọ́n ní, "Amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́." Ó ní, "Òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀." Bó bá ti pa á tán, á da àwo dojú bolẹ̀, á fi àtàǹpàkò tọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ìyẹn òrùka ìdí àwo tí wọn kì í fi dídán bò. Ó ní ibẹ̀ ni ọjọ́ orí wà. Àwo tó ti pẹ́, ibẹ̀ á ti mu ìdọ̀tí, á ti pọ́n bí eyín ẹni tó ń jẹ obì, á sì kúnná lọ́wọ́. Tuntun á funfun, á máa ha èèyàn lọ́wọ́. Ó kọ́ mi ní nǹkan mìíràn o, ṣùgbọ́n èyí ló yá jù, òun ló sì ń ya àwọn oníbàárà lẹ́nu. Òun ni mo dì mú.

Nílé ìyá mi n'Íléṣà, wọ́n ní irú àwo bẹ́ẹ̀ kan. Ó tóbi, ó funfun, wọ́n fi aró ya òdòdó àti ẹyẹ sí i lára. Bàbá àgbà ìyá mi tó ń ta aṣọ láti ìlú dé ìlú ló gbé e wálé, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tó ti rí i. Wọn kì í fi jẹun. Bí ìyàwó tuntun bá dé ẹnu ọ̀nà, omi inú àwo yẹn ni wọ́n ń fi ife idẹ bù sí i lẹ́sẹ̀ kó tó wọlé ọkọ. Kò sí ìyàwó ilé náà kan tí wọn ò fi wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi wálé láti Èkó fún ìpàdé ẹbí. Wọ́n fẹ́ gbé àwo náà sínú gíláàsì ní pálọ̀, wọ́n wá ní kí n kọ́kọ́ wá sọ bó ṣe pẹ́ tó. Mọ́tò ni wọ́n fi wá gbé mi. Àga ńlá ni wọ́n fún mi. Orí mi ti wú kí n tó jókòó.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin yìí ni olórí ilé. Ó ti darúgbó, ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́. Opó àkọ́bí rẹ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀, ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé. Ọkọ rẹ̀ ti kú láìbímọ, ṣùgbọ́n kò padà sílé wọn. Òun ló ń gbé omi ìwẹ̀ bàbá, òun ló ń gún iyán rẹ̀, yàrá opó náà ni àwo yẹn ń gbé, nínú àpótí aṣọ.

Ó gbé e wọlé nínú aṣọ funfun, ó kúnlẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Àǹtí Òṣogbo, mo ti tọ́jú ẹ̀ dè yín o."

"O ṣeun," ni mo wí. Mi ò bi í pé irú ìtọ́jú wo. Bó bá jẹ́ àjèjì ló gbé e wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ìbéèrè àkọ́kọ́ lẹ́nu mi nìyẹn.

Mo da àwo dojú bolẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ funfun báláú, ó ń ha mí lọ́wọ́. Gbogbo ilé ń wo ẹnu mi. Kí n sòótọ́, ó dùn mọ́ mi. Mo ní, "Àwo yìí ò tíì tó ogún ọdún. Ayédèrú ni. Bó bá jẹ́ pé ojúlówó lẹ ní tẹ́lẹ̀, a jẹ́ pé ẹnìkan ti pààrọ̀ ẹ̀." Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn, ta ló bi mí?

Bàbá na ọwọ́, wọ́n gbé àwo lé e lọ́wọ́. Ó fi ìka tọ́ etí rẹ̀ títí tó fi kan ibi tó ti já díẹ̀. Ó ní, "Àwo ulé wa rèé."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Bàbá, ọwọ́ lẹ fi ń wò ó, ojú lèmi fi wò ó. Àwọn tó ń ṣe ayédèrú mọ bí wọ́n ṣe ń já a létí." Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ sí arúgbó tójú rẹ̀ ò ríran mọ́. Àsitafurúlà, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Gbogbo ojú yí sí opó. Kò pariwo, kò búra. Èmi nìkan ló kọjú sí. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wò."

"Ojú tèmi kì í wo nǹkan lẹ́ẹ̀mejì."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, wọ́n ti ní opó náà ta àwo ilé fún àwọn ará Òṣogbo, wọ́n sì ti di ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ó padà sí Ìmẹ̀sí-Ilé, olè sì ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn. Wọ́n ní àràárọ̀ ni bàbá ń béèrè pé ta ló gbé omi ìwẹ̀ òun, tó ń pe orúkọ rẹ̀. Ọdún yẹn ò tíì parí tí bàbá fi kú. Níbi ìsìnkú, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ gbé àwo náà fún mi: "Àǹtí, ẹ máa mú ayédèrú yín lọ." Mo gbé e dé ilé ìdáná mi l'Óṣogbo, mo ń kó àlùbọ́sà sí i.

Lọ́dún tó kọjá, lọ́jọ́ kan, mo mú àlùbọ́sà tó kẹ́yìn, oòrùn sì gba ojú fèrèsé bọ́ sínú àwo. Mo rí ìlà wínníwínní nínú rẹ̀. Mo lọ mú awò kékeré tí ń sọ nǹkan di ńlá. Ẹni tó bá ń ṣe ayédèrú, sáńpépà ló fi ń ha á, ìlà rẹ̀ á sì máa sáré sí ọ̀nà kan. Ti inú àwo yìí gba gbogbo ọ̀nà, òmíràn gorí òmíràn, ife idẹ lórí ife idẹ, ìyàwó lẹ́yìn ìyàwó. Mo da á dojú bolẹ̀. Nínú àwọn ihò tíntìntín ìdí rẹ̀, ibi tí kànìnkànìn kankan ò lè dé, ìdọ̀tí pupa àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ dáadáa. Èèmọ̀! Ilẹ̀ ni mo jókòó sí. Ìlà ti opó yẹn náà wà nínú àwo yẹn, mo sì ti kó àlùbọ́sà lé e lórí ní gbogbo ọdún wọ̀nyí.

Mo gbé àwo náà lọ bá a. N'Ímẹ̀sí-Ilé, mo bá opó náà níwájú ilé wọn, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó ṣì kúnlẹ̀! Mo ṣí àwo sílẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó bi í pé kí ló fi tọ́jú ẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ó ní, "Ọsàn wẹ́wẹ́ ni, Àǹtí, àti eérú. Ọjọ́ méjì ni mo fi rẹ ẹ́, mo wá fi yanrìn bó ìdí ẹ̀. Mo ní àlejò ńlá ń bọ̀, kí wọ́n má baà bá ìdọ̀tí nílé wa."

Mo kúnlẹ̀. Ó fà mí dìde, ó ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, àgbà ni mí. Mo ti àwo sí i, mo ní kó máa jẹ́ tiẹ̀. Kò fọwọ́ kàn án.

"Inú ẹ̀ ni wọ́n ti bu omi sí mi lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ tí mo wọlé. Òun náà ni wọ́n fi lé mi jáde. Ẹ ti sọ fún wọn n'Íléṣà?"

"Ọ̀dọ̀ ẹ ni mo kọ́kọ́ wá."

"Ẹ gbé e lọ, Àǹtí. Ibi tẹ́ ẹ ti sọ ọ́ ni kẹ́ ẹ ti lọ kó o jẹ, lójú gbogbo wọn. Orúkọ mi ni mo fẹ́. Mi ò fẹ́ àwo."

Mo ṣèlérí fún un. Mo gbé àwo sórí itan nínú mọ́tò, mo ń ka ohun tí mo fẹ́ sọ bí ọmọ tó ń lọ ṣe ìdánwò. Nígbà tá a dé Ìbòkun, níbi tí ọ̀nà ti pín, awakọ̀ bi mí pé, "Màámi, Iléṣà ni àbí Òṣogbo?"

Mo ní Òṣogbo.

Oṣù kẹrin rèé tí mo ti ṣèlérí yẹn. Àwo náà wà lórí tábìlì níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Mi ò kó àlùbọ́sà sí i mọ́. Ìyẹn nìkan ni mo tíì ṣe.