Fìlà Bàbá Merv

Ohunkóhun tó bá wà lóòrùn, Merv Tregenza á wá ibòji fún un. Ọgọ́ta ọdún tó fi da màlúù ní ilẹ̀ gbígbẹ Ọsirélíà ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ì báà jẹ́ ajá, ì báà jẹ́ bátìrì ọkọ̀, á fi nǹkan bò ó.

Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, síbẹ̀ ojoojúmọ́ ló ń wakọ̀ lọ wo omi àwọn màlúù. Ìdí nìyẹn tí Tess, ọmọ ọmọ rẹ̀, fi gbé ẹ̀rọ kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n omi. Oòrùn ni oúnjẹ ẹ̀rọ náà. Á sùn, á jí lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, á rán iye omi tó kù sí fóònù Tess, á tún sùn padà. Wọ́n ṣàdéhùn pé bí ẹ̀rọ náà bá ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan láìdákẹ́, Bàbá ò ní wakọ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ kẹrin, ó dákẹ́. Merv fi ọkọ̀ gbé Tess débẹ̀. Fìlà Bàbá ni Tess bá lórí ẹ̀rọ, okùn ni wọ́n fi so ó mọ́ ọn.

"Bàbá Àgbà, ẹ̀yin lẹ dé e ní fìlà?"

"Èmi ni. O kàn fi ọmọ ọlọ́mọ sóòrùn."

"Oòrùn yẹn ló ń jẹ. Ebi lẹ fi ń pa á."

"Kí ló dé tí kò pariwo?"

"Ṣé ẹ̀yin máa ń pariwo tébi bá ń pa yín?"

Merv tú fìlà náà, ó dé e fún Tess, torí iwájú orí rẹ̀ ti ń pọ́n. Wọ́n jókòó ti ọpọ́n títí fóònù fi dún: omi kún.

"Ó jẹun yó," ni Bàbá sọ. Ó na kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sí i. "Ìwọ ni kó o wakọ̀ gbé wa lọ sílé."