Ojú Ilẹ̀ Tí Bàbá Ọkọ Mi Kò Kọ Ebè Sí

Títí dòní, bí ẹ̀rọ ìlọta bá dákẹ́ lójijì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àyà mi á já. Bí hẹlikọ́pítà yẹn ṣe dákẹ́ lókè oko wa lọ́nà Kísì nìyẹn, lọ́dún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ.

Mo rántí pé inú mi dùn nígbà tó kọ́kọ́ yọ. Ìyàwó tuntun ni mí, mo sì gbà pé kò sóhun tó ń ṣẹlẹ̀ láyé tí kì í ṣe nítorí tèmi. Mo tú gèlè, mo ń jù ú sókè, mo ń pè wọ́n kí wọ́n wá kí wa. Bàbá ọkọ mi kò tilẹ̀ wòkè. Ó ń fi koríko gbígbẹ dé ebè lórí, kí oòrùn má baà se èèbù iṣu inú rẹ̀. Kò sẹ́ni tí ebè rẹ̀ tó tirẹ̀ lágbègbè wa. Bí mo bá lóṣòó sẹ́yìn ọ̀kan, ẹ ò ní rí mi. Ó tún máa ń da koríko bo gbogbo poro àárín wọn, á ní bí iṣu ẹni bá ta, ọwọ́ là á fi bò ó jẹ.

Ẹ̀rọ náà ṣe gbọ̀-gbọ̀-gbọ̀, ó sì dákẹ́. Abẹ̀bẹ̀ orí rẹ̀ ṣì ń yí, ṣùgbọ́n ó ti ń já bọ̀. Àpáta àti igi òrí ló yí wa ká. Lójú ẹni tó wà lókè, koríko tó bo ebè àti poro mú kí oko wa nìkan dà bíi pápá. Ibẹ̀ ni awakọ̀ náà darí rẹ̀ sí. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ó ń na ọkọ́ sí ojú ọ̀nà tó tẹ́jú.

“Ẹ má bà síbẹ̀ o! Ebè ni o! Ebè ni!”

Ta ni yóò gbọ́? Ẹsẹ̀ hẹlikọ́pítà náà kọ́ ebè, ó sì fẹ̀gbẹ́ lulẹ̀.

Àwọn méjì ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan jáde, apá rẹ̀ ti kán. Awakọ̀ náà, tó jẹ́ ẹgbẹ́ ọkọ mi lọ́jọ́ orí, orí itan bàbá ló kú sí. Ó wo èèbù iṣu tó fọ́n ká, ó ní, “Bàbá, ẹ má bínú. Mo rò pé ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú ni.” Kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Àwọn tó wá wádìí sọ pé ẹ̀rọ ló kọṣẹ́, pé kò sẹ́ni tó jẹ̀bi. Àwọn àgbà ìlú náà wá tu bàbá nínú, wọ́n ní ọ̀run ń ya bọ̀, kì í ṣọ̀rọ̀ ẹnìkan.

“Òótọ́ lẹ sọ,” ni bàbá wí. “Ṣùgbọ́n orí ebè tèmi ló ya lé.”

Nígbà tí àkókò ebè kíkọ tún dé, ó tú gbogbo ebè ojú ibi tí hẹlikọ́pítà náà já sí palẹ̀, ó tẹ́ ilẹ̀ náà pẹrẹsẹ, kò sì gbin nǹkan kan sí i. Ọkọ mi ní, “Bàbá, ilẹ̀ tó dáa jù lẹ fẹ́ sọ nù yìí o.” Èmi rò pé ogbó ló dé, mo tilẹ̀ ń fi ilẹ̀ náà ṣẹ̀fẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, mo ń pè é ní pápá bàálù bàbá. Èsì kan ṣoṣo ni bàbá ń fún wa: “Bí òmíràn bá tún dákẹ́ ńkọ́?”

Bàbá ti lọ báyìí. Òmíràn kò tíì dákẹ́ lókè wa. Ọkọ mi ń kọ ebè ńlá bíi ti baba rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá dé ibẹ̀, á yí ọkọ́ padà. Èmi ni mo ń ro ilẹ̀ náà lọ́dọọdún, kí igbó má baà bò ó. Bí a bá gbọ́ ariwo hẹlikọ́pítà, àwa méjèèjì á dá ọkọ́ dúró títí ariwo náà á fi kọjá lọ pátápátá.